Níbo lẹ ti ń rí alájọṣe tí ẹ fi ń bèèrè owó ìwádìí?

Lẹ́kọ́rà_Ọ̀ṣun
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Fásitì ìjọba ìpínlẹ̀ kan ni mo ti ń kọ́ni. Aflatoxin ni mò ń wádìí, májèlé tó máa ń wà nínú àgbàdo àti ẹ̀pà tó bá ti bu, pàápàá èyí tí wọ́n kó pamọ́ lásìkò òjò. Mo ní àkọsílẹ̀ láti oko àti ọjà ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta, mo sì mọ àwọn alágbàtà tó ń kó ọjà náà kiri. Ohun tí n kò ní ni ẹ̀rọ LC-MS/MS tó lè wọn májèlé náà bó ṣe yẹ, àti owó.

Mo rí ìpè kan lábẹ́ Horizon Europe, ètò owó ìwádìí Àjọ Yúróòpù, tó bá iṣẹ́ mi mu gan-an. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ni ká kó jọ, pé ẹnì kan ṣoṣo ò lè bèèrè. Mo ti kọ ímeèlì sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Jámánì àti Netherlands, kò sẹ́ni tó fèsì. Níbo lẹ̀yin ti ń rí èèyàn? Àbí àfi kí n lọ ṣe àpérò lókè òkun? Owó ọkọ̀ òfuurufú lásìkò yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Arábìnrin_Láàbù
Kí lẹ kọ sínú ímeèlì náà?

Lẹ́kọ́rà_Ọ̀ṣun
Mo kí wọn, mo ní mo ti ka iṣẹ́ wọn, pé inú mi á dùn láti bá wọn ṣe ìwádìí èyíkéyìí tí wọ́n bá ní lọ́wọ́. Mo so CV mi mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n_Agbowó
Ẹ kúrò nídìí Google, Dókítà. Ẹni tó ti gba irú owó yẹn rí ni kí ẹ wá lọ, torí òun ló máa tún bèèrè. Àjọ Yúróòpù ní ìkànnì kan tó ń jẹ́ CORDIS, ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti fún lówó ló wà níbẹ̀: iye owó, ẹni tó darí rẹ̀, àwọn alájọṣe, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí. Ẹ tẹ mycotoxin sí i, ìyẹn orúkọ gbogbo irú májèlé tó ń ti ara èbu wá. Ẹ ó rí iṣẹ́ MycoKey, tí àjọ ìwádìí CNR ní Ítálì darí, àti MyToolBox, tí fásitì BOKU ní Vienna darí. Ọdún 2016 ni méjèèjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti parí. Irú iṣẹ́ tó ti parí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn tó ṣe é ti mọwọ́ ara wọn, ebi owó tuntun sì ti ń pa wọ́n.

Ẹ má wá lọ bá olùdarí nìkan. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, níbi tí wọ́n to àwọn alájọṣe sí. Ilé iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe ohun èlò ìdánwò, tàbí fásitì kan ní Pọ́túgàl tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àwọn wọ̀nyẹn máa ń dáhùn ju ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá tí lẹ́tà ti wọ́ mọ́lẹ̀ lọ. Ẹ sì wò ó bóyá ilé-ìwé kan láti Áfíríkà wà nínú wọn. Bó bá wà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ẹ tó kọ sí òyìnbó. Ẹ bi í léèrè bí wọ́n ṣe ṣe sí i: ṣé owó dé lásìkò? Ṣé orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, àbí ìsàlẹ̀ níbi ìdúpẹ́ ni wọ́n fi í sí? Ìdáhùn rẹ̀ lè gbà yín lọ́wọ́ ìyà ọdún mẹ́rin.

Ti àpérò òkè òkun, kò pọndandan. Kí ìpè ńlá tó ṣí, wọ́n máa ń ṣe ọjọ́ àlàyé àti ọjọ́ tí àwọn tó ń wá alájọṣe máa ń pàdé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ó kọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ nípa ara yín, ẹ ó yan ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lójú fídíò. Ẹ yáa ra dátà sílẹ̀, kí ẹ sì wá ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. NEPA ò mọ̀ pé ẹ ní ìpàdé.

Arábìnrin_Láàbù
Mo padà dé. Dókítà, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n «ìwádìí èyíkéyìí» yẹn ló pa ímeèlì yín. Ẹni tó bá kà á á rò pé ibi tí ẹ ti máa wá ṣe PhD tàbí físà lẹ ń wá. Wọ́n ń gba irú rẹ̀ lójoojúmọ́, CV ló sì máa ń tẹ̀ lé e.

Ẹ fi nọ́ńbà ìpè náà gan-an ṣe àkòrí. Kí ó má ju gbólóhùn márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Báyìí ni mo ṣe máa kọ tiyín, kí ẹ tó wá fi èdè òyìnbó gbé e:

«A ti ń gba àgbàdo àti ẹ̀pà fún ìdánwò láti oko àti ọjà ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Ìpè yìí ń fẹ́ ibi tí wọ́n ti lè dán iṣẹ́ wò ní Áfíríkà. Àwọn àgbẹ̀ àti alágbàtà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ṣe tán. Ẹ̀rọ LC-MS/MS ni a kò ní, ẹ̀yin ní in. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Horizon Europe lè fún lówó tààrà. Ṣé ẹ lè fún wa ní ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?»

Kò tán síbẹ̀. Ẹ fi CV sílẹ̀, ojú ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ so mọ́ ọn: máàpù ibi tí ẹ ti ń gba àpẹẹrẹ, iye ọdún tí àkọsílẹ̀ yín kó já, ohun tí láàbù yín lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, àti nọ́ńbà ORCID yín, èyí tí wọ́n fi ń dá olùwádìí mọ̀. Ẹ lo ímeèlì fásitì. Mo mọ̀ pé ti ọ̀pọ̀ fásitì wa máa ń dákú, ẹ lọ bá àwọn ará ICT jà títí tó fi máa jí, torí yahoo kì í jẹ́ kí wọ́n fọkàn tán èèyàn. Ẹ sì lè má kọ ọ́ sí ọ̀gá rárá. Ẹ wo orúkọ ẹni tó ṣáájú nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́ tó ń ṣe postdoc (iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn PhD) ni lọ́pọ̀ ìgbà, òun ló máa gbé ọ̀rọ̀ yín wọ ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀.

Ọmọ_Òde_Leeds
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni mo wà, ìyẹn àwọn tí ẹ ń kọ̀wé sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni Bìrìtìkó ti padà wọ Horizon Europe, nítorí náà ẹ lè fi àwa náà kún un.

Ẹ jẹ́ kí n la òfin ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, torí mo ń rí i tí àwọn èèyàn wa ń ṣì í lóye. Ó kéré tán, ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé mẹ́ta tí kò sí lábẹ́ ara wọn, láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ wá láti orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ EU, ìyẹn Àjọ Yúróòpù, gangan. Méjì yòókù lè jẹ́ ọmọ EU tàbí orílẹ̀-èdè tó bá wọn tọwọ́ bọ ìwé, bíi tiwa níbí. Nàìjíríà ò sí nínú mẹ́ta yẹn. Ẹnì kẹrin tàbí ìkarùn-ún lẹ máa jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dùn yín, torí Nàìjíríà wà nínú àwọn tí owó tọ́ sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún ń bẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùdarí ni kò mọ èyí. Amẹ́ríkà tó lówó, àwọn ilé-ìwé rẹ̀ sábà máa ń gbé owó tara wọn wá ni. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn karùn-ún nínú ímeèlì Arábìnrin_Láàbù fi ṣe pàtàkì.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni ìgbà tí wọ́n máa ń pe àwọn ará ilé. Ó máa ń ku oṣù kan kí gbèdéke pé, ẹnì kan á wá rántí pé ìpè sọ̀rọ̀ Áfíríkà. Wọ́n á wá ẹnì kan kàn ṣáá, wọ́n á fún un ní ìdá kékeré nínú owó, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gba àpẹẹrẹ kó sì fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá pè yín báyìí, ẹ lè gbà, mi ò ní kí ẹ má jẹun. Àmọ́ ẹ bèèrè kí wọ́n fi work package kan, ìyẹn odindi ìpín kan nínú iṣẹ́ náà, sí ìkáwọ́ yín, tàbí ó kéré tán apá kan nínú rẹ̀ tí orúkọ yín máa wà lórí rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu, tí wọn ò tíì kọ nǹkan kan sílẹ̀, lẹ máa rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà. Ètò iṣẹ́ Horizon máa ń jáde ṣáájú kí ìpè tó ṣí. Àtìgbà yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Nǹkan kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí Funding & Tenders Portal, ìkànnì tí Àjọ Yúróòpù fi ń gba àbá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè bá wọn ṣàyẹ̀wò àbá. Wọ́n ń gba èèyàn láti gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ń sanwó. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń fún àbá ní máàkì: ọ̀nà mẹ́ta, márùn-ún-márùn-ún, ẹni tí kò bá gba mẹ́ta nínú ọ̀kan tàbí mẹ́wàá lápapọ̀ ti já. Ẹ ó sì rí i pé mẹ́wàá ọ̀hún kò gbé èèyàn débì kan.

Ará_Àkúrẹ́
Gbogbo yín ti sá lọ Brussels. TETFund, àjọ ìjọba wa tó ń fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga lówó, ńkọ́? Dókítà yìí ò tíì sọ fún wa bóyá ó ti gba IBR, owó ìwádìí TETFund tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ń pín, nílé-ìwé tirẹ̀. Owó inú ilé nìyẹn, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ràn èèyàn lọ́wọ́ láti kọ ìwé kan tàbí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni NRF, owó ìwádìí ńlá ti TETFund, tí gbogbo fásitì jọ ń dupò rẹ̀, ẹgbẹ́ ni ìyẹn náà ń fẹ́, kí ẹni tó mọ kẹ́míkà, ẹni tó mọ ọrọ̀ ajé oko, àti ẹni tó mọ ètò ìlera jọ wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kó irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jọ láti Àkúrẹ́ sí Abẹ́òkúta, báwo ló ṣe fẹ́ kó ará Vienna jọ?

Ẹ sì ń wá ẹ̀rọ kiri òkè òkun nígbà tí IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn, wà ní Ìbàdàn láti 1967! Àwọn àti ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn Amẹ́ríkà ni wọ́n jọ ṣe Aflasafe, tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko àgbàdo àti ẹ̀pà kí májèlé yìí lè dín kù. Orí aflatoxin kan náà ni. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn wọn.

Ọmọ_Òde_Leeds
Mo fara mọ́ ti IITA. Bí orúkọ wọn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, òyìnbó á yára dáhùn. Àmọ́ mi ò fara mọ́ «TETFund ná». Ìpè TETFund kì í fìgbà gbogbo ṣí, ti Yúróòpù náà kò sì ní dúró de èèyàn: Horizon Europe tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 máa parí ní 2027. Ẹ ṣe é papọ̀.

Ará_Àkúrẹ́
Ó dáa. Ẹ má ṣáà fi ọwọ́ òsì júwe ilé.

Ẹ̀gbọ́n_Agbowó
Ọ̀rọ̀ Ará_Àkúrẹ́ rán mi létí nǹkan. Láti 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ti jọ ṣe ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé àwọn arúgbó. Àwọn àgbàlagbà ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn níbí, àti àwọn adúláwọ̀ ní Indianapolis lọ́hùn-ún. Nígbà tí èsì jáde nínú JAMA, ìwé ìwádìí ìṣègùn Amẹ́ríkà, ní 2001, wọ́n rí i pé nínú àwọn Yorùbá, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kó àrùn náà lọ́dọọdún, ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Kò sí bí Indiana ṣe lè dá a ṣe, kò sí bí Ìbàdàn ṣe lè dá a ṣe. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ẹ mọ ìyókù. Ìdíkàn kì í ṣe ibi tí wọ́n kàn ti wá gba ẹ̀jẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, kò sí ìbéèrè kankan nílẹ̀ mọ́.

Ìyẹn ni kí Dókítà lọ jókòó rò. Àgbàdo tó bu wà ní Ítálì náà. Kí ló wà nínú tiwa tí ìdáhùn wọn kò ní pé láìsí i? Ṣé bí a ṣe ń sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni? Ṣé ògì ni, tí ọmọ kékeré ń mu lójoojúmọ́? Ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn ìyẹn kò ní máa bẹ̀bẹ̀ nínú ímeèlì.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́òkúta
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ya bàrá. Ètò ìlera ni tèmi, ibà àti ikọ́ ife. Ṣé Amẹ́ríkà ni kí n kọjú sí?

Arábìnrin_Láàbù
Nọ́ọ̀sì, NIH ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fún ìwádìí ìlera lówó, ìkànnì rẹ̀ NIH RePORTER sì ni CORDIS ti Amẹ́ríkà, bákan náà ni ẹ ó ṣe lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ rọra. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni NIH ti kéde pé àwọn ò ní máa fọwọ́ sí i kí ilé-ìwé Amẹ́ríkà pín owó fún ilé-ìwé òkè òkun bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, títí ètò tuntun á fi wà. Ọ̀nà yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ wa ń gbà. Ẹ bi ẹni tí ẹ fẹ́ bá ṣe léèrè ibi tó dé báyìí kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Fún ibà àti ikọ́ ife, Global Health EDCTP3 ni mo máa kọ́kọ́ wò. Àrùn àkóràn ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà, àwa náà sì lè jẹ́ olùdarí níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tàbí ikọ́ tí ẹ bá gbà, kí ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí ìwádìí wà ní Nàìjíríà níbí, kí ẹ sì ti kọ ọ́ sínú MTA, ìwé àdéhùn fífi àpẹẹrẹ ránṣẹ́, ta ló ni àpẹẹrẹ náà bó bá ti wọ bàálù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gba ti ẹnì kan lọ tí kò tún lè fojú kàn án mọ́.

Bọ́sà_Tó_Fẹ̀yìntì
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ẹ ò sọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀yin ọmọ mi, àbá tí bọ́sà kò mọ̀ nípa rẹ̀ títí ó fi ku ọ̀la, ìjà ló máa dá.

Lábẹ́ Horizon Europe, wọ́n máa ń fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kún ọ̀pọ̀ nínú ìnáwó iṣẹ́ fún iná, ọ́fíìsì àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Fásitì ló ni owó yẹn. Ẹ jókòó pẹ̀lú ilé-ìwé yín kí owó tó dé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ iye tó máa padà sí láàbù. Mo ti rí ìjà lórí rẹ̀ tó fọ́ ẹgbẹ́. Ẹ béèrè àpò dọ́là tàbí yúrò tí owó á gbà wọlé, ta ló ń buwọ́ lù ú, ọjọ́ mélòó ló ń gbà kó tó jáde. Alájọṣe yín ní Yúróòpù máa ní láti kọ ìròyìn ìnáwó lọ́jọ́ kan pàtó, bí rìsíìtì yín bá há sí bọ́sárì, òun ni wọ́n máa mú.

Òmíràn ni PIC. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni, òun ni Yúróòpù fi ń dá ilé-ìwé yín mọ̀. Ẹ má lọ gba tuntun o! Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ fásitì yín lórí Portal. Àwọn tó ti bèèrè fún Erasmus+, ètò ẹ̀kọ́ Yúróòpù, rí lè ti gba ọ̀kan. Méjì fún ilé-ìwé kan máa ń dá rúkèrúdò sílẹ̀.

Lẹ́kọ́rà_Ọ̀ṣun
Ẹ ṣeun gan-an ni, Bàbá, ẹ̀yin tó kù náà ẹ ṣé. Mo ti wò ó, ilé-ìwé wa ní PIC lóòótọ́. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi LEAR, ìyẹn aṣojú ilé-ìwé lórí Portal, ti fẹ̀yìntì, kò sẹ́ni tó mọ pásíwọ́ọ̀dù. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn? Àti pé mo rí i lójú ìwé ìpè náà pé ibì kan wà tí àwọn tó ń wá alájọṣe ń lẹ ìpolówó sí. Mi ò lè lẹ tèmi.

Bọ́sà_Tó_Fẹ̀yìntì
Kò bàjẹ́. VC tàbí ẹni tó láṣẹ lábẹ́ òfin máa buwọ́ lu ìwé tó yan LEAR mìíràn, ẹ ó fi ránṣẹ́ lórí Portal. Ó lè pẹ́, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ má bẹ̀rù pé gbèdéke á kọjá: PIC tí wọn ò tíì fọwọ́ sí pátápátá ṣì ṣeé fi bèèrè, ìgbà tí àbá bá ti yege ni wọ́n máa ń yẹ ìwé ilé-ìwé wò fínnífínní. Ẹni tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ ilé-ìwé yín lórí Portal ló lè lẹ ìpolówó, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jẹ́ kí ẹ lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lè ka ti àwọn mìíràn, kí ẹ sì kọ̀wé sí wọn.

Ọmọ_Òde_Leeds
Bí àkókò bá há mọ́ yín fún ìpè yìí, ẹ wo MSCA Staff Exchanges, tó wà lábẹ́ Horizon Europe náà. Pàṣípààrọ̀ èèyàn ni, láti oṣù kan sí oṣù méjìlá. Ẹ lè rán akẹ́kọ̀ọ́ PhD yín lọ síbi tí LC-MS/MS wà, kí tiwọn náà wá sí oko yín. Àwọn tí ẹ bá jọ ṣe ìyẹn, ẹ ti mọ ara yín nígbà tí owó ńlá bá dé.

Arábìnrin_Láàbù
Dókítà, ẹ ṣe ojú ìwé kan yẹn, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbí kó tó di Friday. Ẹ fi máàpù sí i o.

Lẹ́kọ́rà_Ọ̀ṣun
Mo gbọ́, mà. Mò ń ti IITA bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, màá fi sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.